Afala, Ìyá Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther: Obìnrin Tí A Kó Lẹ́rú Lẹ́ẹ̀mejì

Nígbà tí a bá ń ka ìtàn Ìjọ Kristi ní ilẹ̀ Yorùbá, orúkọ Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther ni ó máa ń kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n obìnrin kan wà tí àwọn òǹkọ̀wé kì í sọ ju gbólóhùn méjì mẹ́ta lọ nípa rẹ̀ kí wọ́n tó padà sórí ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀. Afala ni orúkọ ìyá náà. Nígbà tí ó fi máa sùn nínú Olúwa ní Èkó ní ọdún 1883, ó ti lo nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún ní ilẹ̀ alààyè. Òun gan-an ni a fẹ́ rántí nínú àpilẹ̀kọ yìí. Bí a bá dárúkọ ọmọ rẹ̀, nítorí ti ìyá rẹ̀ ni.

Òṣoògùn, ìlú kan lẹ́bàá Ìsẹ́yìn ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́, ni Afala gbé lọ́kọ tí ó sì bímọ. Ahunṣọ ni ọkọ rẹ̀. Ìtàn tí a ń sọ nípa ìdílé náà so ìyá yìí mọ́ ìran Aláàfin Abíọ́dún, wọ́n sì ní Ọbàtálá ni ó ń sìn. Ní nǹkan bí ọdún 1809 ni ó bí Àjàyí. Ẹni tí ó bá mọ orúkọ àmútọ̀runwá kò nílò kí a sọ fún un pé ọmọ náà dojúbolẹ̀ wá sáyé.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1821 ni ogun dé. Òwúrọ̀ ni, wọ́n ń se oúnjẹ àárọ̀ lọ́wọ́ nínú ilé, nígbà tí ariwo ta pé ọ̀tá ti sún mọ́ ìlú. Àwọn Mùsùlùmí Ọ̀yọ́ àti àwọn Fúlàní ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ó dìde sí wọn. Àwọn ọkùnrin Òṣoògùn gbìyànjú fún wákàtí díẹ̀, ṣùgbọ́n agbára wọn kò ká a. Ọkọ Afala sáré wọlé láti ojú ìjà kí ó lè kìlọ̀ fún ìyàwó àti àwọn ọmọ pé kí wọ́n sá lọ, ó sì padà sójú ogun. Wọn kò tún fojú kàn án mọ́. Ìgbà tí ó yá ni ìròyìn dé pé ó kú ní ogun mìíràn.

Ẹ fi ojú inú wo ìyá yìí nínú igbó, pẹ̀lú ọmọ ọwọ́ tí kò tíì pé ọdún kan, ọmọbìnrin kan, àti Àjàyí tí kò ju ọmọ ọdún méjìlá lọ. Ìtàkùn ń dí wọn lọ́nà, ẹrù ń bọ́ lórí. Ibẹ̀ ni ọ̀tá bá wọn. Wọ́n ju okùn sí wọn lọ́rùn, wọ́n sì dè wọ́n pọ̀ bí ẹni ń da ewúrẹ́ lọ sọ́jà, títí dé Ìsẹ́yìn.

Ní Ìsẹ́yìn ni wọ́n ti pín wọn. Wọ́n fi Àjàyí ṣe pàṣípààrọ̀ ẹṣin. Nígbà tí ó tó nǹkan bí oṣù méjì, wọ́n dá ẹṣin náà padà pé kò wúlò, ọmọ náà sì tún padà sọ́wọ́ olówó rẹ̀ àkọ́kọ́. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn èyí ni ó máa ń ká mi lára jù. A mú ọmọ náà lọ sí ìlú mìíràn, ó sì bá ìyá rẹ̀ àti àbúrò rẹ̀ kékeré níbẹ̀. Fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi ń rí ara wọn, ẹrú ni gbogbo wọn, ṣùgbọ́n ìyá mọ ibi tí ọmọ sùn. Lálẹ́ ọjọ́ kan ni wọ́n wá mú un lọ lójijì, kò sì rí àyè dágbére fún ìyá rẹ̀.

Ibi tí Àjàyí gbà lọ, gbogbo wa ni a mọ̀ ọ́n: wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí dé Èkó, ọkọ̀ ojú omi àwọn ará Potogí, ọkọ̀ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó gbà á là ní oṣù kẹrin ọdún 1822, Sàró, ìrìbọmi ní 1825, àti oyè àlùfáà ní London ní 1843. Ìyá rẹ̀ kò mọ ọ̀kan nínú rẹ̀. Lójú tirẹ̀, òkun ti gbé ọmọ lọ.

Ọ̀nà tirẹ̀ kò rọrùn. Ó rí òmìnira gbà nípasẹ̀ ọmọ ọkọ rẹ̀ kan, òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ obìnrin sì tún ń gbé pọ̀. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kan tí ó ń lọ sọ́jà, àwọn ajínigbé kì í mọ́lẹ̀, wọ́n sì tún tà á sóko ẹrú ní Abẹ́òkúta. Àwọn ọmọ rẹ̀ obìnrin ni wọ́n wá owó tí wọ́n fi rà á padà. Àwa tí a ń lo ọ̀rọ̀ náà “ìràpadà” lórí pẹpẹ ní gbogbo ọjọ́ ìsinmi, ó yẹ kí a rántí pé ní ti Afala, owó gidi ni, tí àwọn ọmọ fi òógùn ojú kó jọ. Ìyá àgbà, ìyá tí ó bí ọkọ tàbí aya nínú ìdílé náà, tí ó máa ń kẹ́ Àjàyí, kò rí irú oore bẹ́ẹ̀. Oko ẹrú ni ó kú sí.

Crowther dé Àgbádárìgì ní oṣù kìíní ọdún 1845, ogun àti àìsí ọ̀nà sì dá a dúró níbẹ̀ ju ọdún kan lọ. Oṣù kẹjọ 1846 ni òun àti Henry Townsend tó dé Abẹ́òkúta. Afala ń gbé nígbà náà pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀ obìnrin méjèèjì àti àwọn ọmọ-ọmọ ní Abáká, ìlú kékeré kan tí kò jìnnà. Ìròyìn kàn án. Ẹ kíyè sí i pé ìyá ni ó dìde wá ọmọ lọ. Ní ọjọ́ 21, oṣù kẹjọ, òun àti ọmọ ọkọ rẹ̀ wọlé tọ àlùfáà náà wá. Nígbà tí ó rí i, ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, kò gba ojú ara rẹ̀ gbọ́. Wọ́n di ara wọn mú, ọ̀rọ̀ kò jáde. Omijé ń ṣàn ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí ìyà ti gbẹ. Lẹ́yìn náà ni ó di ọwọ́ ọmọ mú, ó sì ń pe àwọn orúkọ tí wọ́n máa ń fi kẹ́ ẹ ní kékeré ní Òṣoògùn. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ti kọjá. Ọmọ ọwọ́ tí ó wà lẹ́yìn ìyá nínú igbó lọ́jọ́sí ti di àgbàlagbà obìnrin.

Afala bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ Ìhìn Rere ní èdè abínibí rẹ̀ láti ẹnu ọmọ tirẹ̀. Kò rọrùn fún àgbàlagbà tí ó ti ju ọgọ́ta ọdún lọ láti fi ohun tí àwọn baba rẹ̀ ń sìn sílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má rò pé torí pé ọmọ rẹ̀ ni oníwàásù ni gbogbo rẹ̀ ṣe já geere. Ó gba ẹ̀kọ́ fún ohun tí ó ju ọdún kan lọ. Ní ọjọ́ 5, oṣù kejì, 1848, a ṣe ìrìbọmi fún un, ó wà nínú àwọn ẹni àkọ́kọ́ ní Abẹ́òkúta. Hannah ni orúkọ tí a fún un. Ta ni ìbá tún jẹ́, nígbà tí ọmọ rẹ̀ ti ń jẹ́ Samuel?

Ọdún márùn-dín-lógójì ni ó tún lò lẹ́yìn èyí. Ó wà láàyè ní ọdún 1864 nígbà tí a fi Samuel joyè Bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury ní oṣù kẹfà, tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ Abigail sì bí Herbert Macaulay ní Èkó ní oṣù kọkànlá. Dandeson, ọmọ-ọmọ rẹ̀, di Aṣíídíákónì ní 1876. Susan, aya Bíṣọ́ọ̀bù, ṣáájú rẹ̀ lọ ní 1880. Nígbà tí Afala fi ayé sílẹ̀, Herbert ti tó ọmọ ọdún méjìdínlógún. Ní ọdún kejì, 1884, ni odindi Bíbélì jáde ní èdè Yorùbá.