Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀délé Awójọbí, Ọmọ Ìyá Modákẹ́kẹ́

Ẹ̀yin ìyá wa àti ẹ̀yin arábìnrin, ìtàn ìgbésí ayé Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀délé Awójọbí ni a mú wá fún yín lẹ́ẹ̀kan yìí. Ọ̀pọ̀ nínú wa mọ orúkọ náà láti orí tẹlifíṣọ̀n, níbi tí ó ti máa ń bèèrè ìbéèrè lọ́wọ́ àwọn tí ó ń díje nínú ètò Mastermind. Àwọn mìíràn sì mọ̀ ọ́n nítorí ọ̀rọ̀ líle tí ó máa ń kọjú rẹ̀ sí àwọn olóṣèlú. Ṣùgbọ́n olùkọ́ yunifásítì ni ọkùnrin yìí, ẹnu iṣẹ́ náà ni ó sì ti ṣe ohun tí ọmọ Áfíríkà kankan kò tíì ṣe ṣáájú rẹ̀. Apá yìí gan-an ni àwọn ènìyàn kì í sábà sọ.

Ọjọ́ 12 oṣù kẹta ọdún 1937 ni a bí i ní Òṣòdì, ní Èkó. Bàbá rẹ̀, Olóyè Daniel Adékọ́yà Awójọbí, ọmọ Ìkòròdú ni, ọ̀gá ibùdó ọkọ̀ ojú irin sì ni. Ìyá rẹ̀, Comfort Bámidélé, ọmọ Modákẹ́kẹ́ ni, níbí tí kò jìnnà sí wa ní Ẹdẹ, ọjà wẹ́wẹ́ ni ó sì ń tà. Ilé òṣìṣẹ́ olówó oṣù àti ìyá tí ń pàtẹ ọjà ni ọmọ náà ti jáde wá.

Ilé ìwé St. Peter's ní Fájì ni ó ti bẹ̀rẹ̀ ní 1942, láti ibẹ̀ ni ó ti bọ́ sí CMS Grammar School ní Èkó. Nígbà tí ó ṣe ìdánwò ìwé mẹ́wàá ní 1955, iṣẹ́ mẹ́jọ ni ó ti gba àmì tí ó ga jù lọ. Ó lọ sí Nigerian College ní Ìbàdàn, ó sì tún yege lọ́nà kan náà ní 1958 nínú físíìsì àti oríṣi ìṣirò méjì. (Orí ilẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ yìí ni Yunifásítì Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ní 1962, kí wọ́n tó kó lọ sí Ilé-Ifẹ̀ ní 1967.) Ìjọba àpapọ̀ fún un ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ láti lọ kọ́ iṣẹ́ injiníà ní Zaria. Nígbà tí ó ṣe tán ní 1962, ipò kìíní ni ó fi gba digirì Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù. Lójú ọ̀pọ̀ òbí nígbà náà, dókítà tàbí lọ́yà ni ọmọ tí orí rẹ̀ bá pé yẹ kí ó dà. Iṣẹ́ tí ó ń fi gírísì pa ènìyàn lọ́wọ́ kò wù wọ́n.

Láti Zaria, ó kọjá sí Imperial College ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì gba oyè dókítà nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ ní 1966. Ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ ohun tí ó ń wádìí, nítorí kò ṣòro tó bí a ṣe rò. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń gbé ata lọ sí ọ̀dọ̀ ẹlẹ́rọ mọ̀ pé bí wọ́n bá ti tan ẹ̀rọ náà, ilẹ̀ tí ẹ dúró lé yóò máa gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ yín. Bí wọn kò bá fi sìmẹ́ńtì dè é dáadáa, ẹ̀rọ náà á máa fò kúrò lójú kan, ògiri á sì bẹ̀rẹ̀ sí í là. Ẹ wá fojú inú wo ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ ńlá, tí ó tóbi ju yàrá lọ. Báwo ni ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ yóò ṣe gbọ̀n? Dé ibo ni gbígbọ̀n náà yóò dé? Eré wo ni ẹ̀rọ náà yóò sá tí gbígbọ̀n náà yóò fi di ewu? Ìgbà mìíràn wà tí ẹ̀rọ kì í mi ilẹ̀ púpọ̀ bí ó bá ń sáré gan-an, ṣùgbọ́n tí ó ń mì í jìgìjìgì nígbà tí eré rẹ̀ bá ṣe déédéé pẹ̀lú bí ilẹ̀ ṣe máa ń mì fúnra rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ọmọ tí ó jókòó sórí okùn tí a so mọ́ igi ṣe máa ń fò sókè sí i bí a bá ń tì í ní àkókò tí ó yẹ.

Ìṣirò irú nǹkan báyìí ni Awójọbí fi ṣe iṣẹ́. Ní 1965, òun àti P. Grootenhuis ti Imperial College kọ ìwádìí kan lórí rẹ̀, Royal Society ti Lọ́ńdọ̀nù sì tẹ̀ ẹ́ jáde. Lẹ́yìn náà ó tún tẹ̀ síwájú sí ilẹ̀ tí ó rọ̀ lókè tí ó sì ń le sí i bí a ṣe ń wà á lọ sísàlẹ̀. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti wo àwọn tí ń gbẹ́ kànga mọ irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn injiníà tí ń ṣe ìpìlẹ̀ ẹ̀rọ ṣì ń tọ́ka sí àwọn ìwé wọ̀nyí títí di òní.

Ọdún 1966 yẹn kan náà ni ó padà wá sílé láti di olùkọ́ ní Yunifásítì Èkó. Ẹ rántí irú ọdún tí ó jẹ́: àwọn ológun gbàjọba lẹ́ẹ̀mejì láàárín rẹ̀, ogun abẹ́lé sì bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Ẹni tí ó ní irú ìwé ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ lè jókòó sí Lọ́ńdọ̀nù kí ó sì rí iṣẹ́ ṣe. Ó wá, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọ wa.

Kò fi ìwádìí sílẹ̀. Ó tún padà sí Imperial College fún iṣẹ́ lórí gbígbọ̀n nǹkan, èyí ni ó sì gbé e dé oyè DSc. A máa ń rò pé oyè dókítà ni òpin ìwé, ṣùgbọ́n èyí ga jù ú lọ. A kì í jókòó kọ́ ọ ní kíláàsì. Iṣẹ́ ìwádìí tí ènìyàn ti tẹ̀ jáde fún ọ̀pọ̀ ọdún ni yóò kó síwájú àwọn àgbà onímọ̀, àwọn ni yóò sì sọ bóyá ó ti fi ohun tuntun kún ìmọ̀ ayé. Àgbàlagbà tí irun rẹ̀ ti ń funfun ni a sábà máa ń fún. Ẹni ọdún 37 ni Awójọbí nígbà tí wọ́n fún un ní 1974, òun sì ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó gbà á nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Imperial College. Yunifásítì Èkó sọ ọ́ di ọ̀jọ̀gbọ́n ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan sí àkókò náà. Lójú tèmi, èyí tóbi ju gbogbo ariwo tí ó ti ẹ̀yìn rẹ̀ wá lọ.

Síbẹ̀ kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n orí ìwé nìkan. Àwọn àgbà inú wa rántí ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972, tí Nàìjíríà fi ọwọ́ òsì sílẹ̀ tí gbogbo ọkọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọwọ́ ọ̀tún. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí sitíárìn wọn wà lápá ọ̀tún ni kò bá ọ̀nà mu mọ́. Awójọbí mú ọkọ̀ Opel ilé tirẹ̀, ó sì gbé sitíárìn rẹ̀ láti ọ̀tún sí òsì fúnra rẹ̀. Ó tún mú ọkọ̀ jíìpù irú ti àwọn ológun, ó fi sitíárìn kejì sí i, ó sì ṣe é débi pé gbogbo jíà tí ó fi ń lọ síwájú ni ó lè fi lọ sẹ́yìn pẹ̀lú. Autonov 1 ni ó pè é.

Ọ̀rọ̀ ìṣèlú rẹ̀, ìwọ̀nba ni n óò sọ. Ní ayé ìjọba Shagari, láti 1979 sí 1983, ó ń sọ̀rọ̀, ó ń kọ̀wé, ó sì gbé ẹjọ́ lọ sí kóòtù, ṣùgbọ́n kò jàre níbẹ̀. Àwọn kan sọ pé kí ọ̀jọ̀gbọ́n jókòó ti ìwé rẹ̀. Èmi kò rí ìdí tí ẹni tí ó mọ ìṣirò kò fi gbọ́dọ̀ bèèrè ìṣirò owó ìlú.

Ọjọ́ Ìsinmi, ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án ọdún 1984, ni ó kú. Ẹni ọdún 47 ni, kò sì ju ọdún mẹ́wàá lọ tí ó fi jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n. Ère rẹ̀ wà ní Onike ní Yaba, kò jìnnà sí yunifásítì tí ó ti kọ́ àwọn ọmọ wa.