Claudius Amyand: Oníṣẹ́ abẹ tó mọ̀ pé iṣẹ́ kì í parí lórí tábìlì

Ní ọjọ́ 6, oṣù Kejìlá, ọdún 1735, wọ́n gbé ọmọkùnrin ọlọ́dún 11 kan, Hanvil Anderson, sórí tábìlì iṣẹ́ abẹ nílé ìwòsàn St George's nílùú London. Nǹkan bí ìdajì wákàtí ni iṣẹ́ abẹ náà gbà. Àmọ́ ó tó bí oṣù kan kí ojú egbò rẹ̀ tó san.

Claudius Amyand ni oníṣẹ́ abẹ náà. Ilẹ̀ Faransé ni wọ́n ti bí i, ṣùgbọ́n ìdílé rẹ̀, tí wọ́n jẹ́ Pùròtẹ́sítáǹtì, sá wá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà tí wọ́n fòfin de ẹ̀sìn wọn lọ́dún 1685. Ọmọ asásàlà yìí ló padà di oníṣẹ́ abẹ fún Ọba George Kejì. Lọ́dún 1722, kí George tó gorí ìtẹ́, Amyand ló gbin ṣọ̀pọ̀nná sára àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ méjì, Amelia àti Caroline, kí àìsàn náà má baà pa wọ́n.

Ìpá ló gbé Hanvil dé ilé ìwòsàn. Ihò kan ti ṣí láti inú ìpá náà sí itan rẹ̀, ìgbẹ́ sì ń gba ibẹ̀ jáde. Nígbà tí Amyand là á, apẹ́ńdíìsì ló bá nínú rẹ̀, ìyẹn ìfun tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìka tó so mọ́ ìfun ńlá. Píìnì kan tí nǹkan líle bí òkúta ti bò ló dá a lu.

Kò sí oògùn akunilóorun nígbà náà. Ọmọ náà ń bì, ó sì ń yàgbẹ́, àmọ́ ó fara dà á. Amyand so apẹ́ńdíìsì náà, ó sì gé e.

Iṣẹ́ kò tán síbẹ̀. Wọ́n fún ọmọ náà ní oògùn tó mú ìrora rọlẹ̀, wọ́n ń fi nǹkan lílọ́wọ́ọ́wọ́ sí i níkùn léraléra, wọ́n sì ní kó má kúrò lórí ibùsùn. Nígbà tó ń lọ sílé, wọ́n de ìgbànú ìpá mọ́ ọn, kí ìfun má baà tún yọ.

Lọ́dún 1736, Amyand gbé ìròyìn rẹ̀ jáde nínú ìwé ẹgbẹ́ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Royal Society. Òun ni àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ nípa ẹni tí wọ́n yọ apẹ́ńdíìsì rẹ̀ tó sì yè. Ó kú lọ́dún 1740, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ ni àwọn dókítà ṣì ń pe ìpá tí apẹ́ńdíìsì bá wà nínú rẹ̀.

Lónìí, oògùn apakòkòrò tí wọ́n ń fà sínú iṣan ti wà fún ọmọ tí apẹ́ńdíìsì rẹ̀ bá bẹ́. Síbẹ̀, ọyún ṣì lè gbára jọ sínú ikùn lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Bí ibà bá padà dé, bí inú bá ń wú, bí ọmọ bá ń bì tàbí tí ojú egbò ń ṣọyún, kí òbí má ṣe dúró di ọ̀la kó tó gbé e padà sílé ìwòsàn.