Edward Tolman: Bàbá Tó Fi Eku Wádìí Ọgbọ́n

Àwọn akọni ilẹ̀ wa ni a sábà máa ń sọ ìtàn wọn nínú ìwé yìí. Lọ́tẹ̀ yìí, òyìnbó kan ni a mú wá, nítorí pé ohun tó rí lára eku kan gbogbo ẹni tó ń kàwé tìbẹ̀rùtìbẹ̀rù.

Ọdún 1886 ni wọ́n bí Edward Chace Tolman ní ìpínlẹ̀ Massachusetts ní Amẹ́ríkà. Ó di ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá ní Harvard ní 1915, ó sì lọ ṣe olùkọ́ ní Northwestern. Wọ́n dá a dúró níbẹ̀ ní 1918. Àwọn aláṣẹ ní ogun ló mú kí àwọn dín olùkọ́ kù, àti pé kò mọ̀ ọ́n kọ́ tó. Ṣùgbọ́n òun gbà pé ohun tí òun kọ lórí ogun sínú ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló kó bá òun. (Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì kọ nǹkan fún wa, ẹ má jẹ́ kí èyí dẹ́rù bà yín o!) Lọ́dún yẹn náà ló dé Berkeley ní California, ibẹ̀ ló sì wà títí tó fi fẹ̀yìntì ní 1954.

Láyé ìgbà náà, ọ̀pọ̀ onímọ̀ ń wí pé ẹranko kì í ronú: eku dé oríta, ó yà sọ́tùn-ún, ó rí oúnjẹ, ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ ọn lára, ó parí. Tolman kò gbà. Ní 1930, òun àti Honzik tẹ ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣì ń fi kọ́ni dòní. Wọ́n kó eku sínú ilé rújúrújú kan tó ní oríta 14. Ní oríta kọ̀ọ̀kan, ọ̀nà kan lọ síwájú, èkejì kò lójú. Ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ni eku kọ̀ọ̀kan ń wọ̀ ọ́, wọ́n a sì ka iye ìgbà tó ṣì yà. Ọ̀wọ́ kìíní ń rí oúnjẹ lópin ọ̀nà lójoojúmọ́, àṣìṣe wọn sì ń dín kù díẹ̀díẹ̀. Ọ̀wọ́ kejì kò rí nǹkan kan níbẹ̀ rárá. Ọ̀wọ́ kẹta kò rí nǹkan kan fún ọjọ́ 10, wọ́n kàn ń rìn kiri ni. Ẹni tó bá ń wò wọ́n á ní òpè ni wọ́n. Ní ọjọ́ kọkànlá, wọ́n gbé oúnjẹ síbẹ̀. Nígbà tó fi di ọjọ́ kejìlá, àṣìṣe wọn ti já wálẹ̀ lójijì, wọ́n ti bá àwọn tó ń jẹun láti ìbẹ̀rẹ̀ dọ́gba. Wọ́n ti ń kọ́ ọ̀nà bọ̀ látọjọ́ yìí, kò kàn sí ohun tó mú wọn fi í hàn ni.

Ibí yìí dùn mọ́ àwa tí a dàgbà sí Coal Camp àti Ogui. Àwọn òbí wa ń sọ Yorùbá sí wa nílé, èdè Òyìnbó tàbí Ìgbò ni a fi ń dá wọn lóhùn. Nígbà tí a wọ ẹgbẹ́ yìí tó sì di dandan kí a sọ ọ́, ẹnu ya àwa fúnra wa bí ọ̀rọ̀ ṣe ń jáde.

Tolman ní eku ń ya àwòrán ọ̀nà sínú ọpọlọ rẹ̀, bíi máàpù. Bí ẹni tó mọ Enugu ni: bí wọ́n bá dí Ogui Road, kò ní dúró sójú títì máa sunkún, á gba inú àdúgbò yọ sí ibi tó ń lọ. Ṣùgbọ́n nínú ìwé tó kọ ní 1948, ó ní máàpù yẹn lè gbòòrò, ó sì lè súnkì. Lára ohun tó ń mú un súnkì ni ọ̀nà kan ṣoṣo tí a ń tún rìn ṣáá, ebi tó pọ̀ jù àti ìjákulẹ̀ tó pọ̀ jù, ohun tí à ń pè ní másùnmáwo. Eku tí ebi ń pa kú lọ kò ráyè wo ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Ẹ̀yin alákọ̀ọ́sórí tí ẹ ń ki ẹsẹ̀ bọ omi tútù lóru ìdánwò, ṣé ẹ gbọ́? Ó tún ní irú másùnmáwo bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tó ń mú ènìyàn kórìíra ẹni tí kì í ṣe ẹ̀yà rẹ̀. Àwa tí a ń gbé láàárín ẹ̀yà mìíràn mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ti wúwo tó.

Ọdún kan lẹ́yìn náà, ìbẹ̀rù wọ Berkeley fúnra rẹ̀. Ìgbìmọ̀ aláṣẹ yunifásítì ní kí gbogbo olùkọ́ búra pé àwọn kì í ṣe Kọ́múníìsì. Tolman kì í ṣe Kọ́múníìsì, síbẹ̀ ó kọ̀, kò búra. Ó ti lé ní ẹni 60 ọdún nígbà náà. Ó gba àwọn ọ̀dọ́ olùkọ́ níyànjú pé kí wọ́n fọwọ́ sí i, kí wọ́n fi ìjà náà sílẹ̀ fún àwọn tí apá wọn ká a. Lójú tiwa, ìwà àgbà gan-an nìyẹn. Ní 1950, wọ́n lé olùkọ́ 31 lẹ́nu iṣẹ́, ó wà nínú wọn. Orúkọ rẹ̀ ló ṣáájú nínú ẹjọ́ tí wọ́n pè, nígbà tó sì di 1952, ilé-ẹjọ́ gíga jùlọ ní California dá wọn láre.

Ó kú ní oṣù kọkànlá ọdún 1959. Ní 1971, O'Keefe rí sẹ́ẹ̀lì nínú ọpọlọ eku tó máa ń ṣiṣẹ́ kìkì nígbà tí eku bá dé ibì kan pàtó; máàpù Tolman rèé. Òun àti tọkọtaya Moser gba ẹ̀bùn Nobel nítorí irú iṣẹ́ yìí ní 2014. Nílé wa níhìn-ín, ní LAUTECH ní Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn olùwádìí ti fi irú ilé rújúrújú bẹ́ẹ̀ dán ìrántí àti ìbẹ̀rù wò lára eku.

Ìwé ńlá tí Tolman kọ ní 1932, kò fi sọrí aya tàbí olùkọ́ rẹ̀. Lẹ́tà mẹ́ta ló kọ síwájú rẹ̀, M.N.A., ìkékúrú orúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pe eku funfun.