Àlùfáà Macaulay àti Ọmọ Mẹ́fà

Lẹ́yìn ìkórè tó kọjá, ẹgbẹ́ kan nínú ìjọ wa ní Ìkòròdú bi mí léèrè bóyá kí wọ́n fi owó tí wọ́n kó jọ ra aago tuntun fún ilé Ọlọ́run, tàbí kí wọ́n fi ra ìwé àti aṣọ ilé-ìwé fún àwọn ọmọ aláìníbaba mẹ́ta. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà, ará Ẹ̀pẹ́ ni, ó ti ń bá àgbà wa yanrìn lójú ọ̀sà. N kò tíì dá ẹgbẹ́ náà lóhùn. Ìtàn ni mo fẹ́ sọ fún wọn.

Ní 1826 ni a bí Thomas Babington Macaulay ní Sàró. Yorùbá ni òbí rẹ̀ méjèèjì, inú oko ẹrú ni a ti gbà wọ́n sílẹ̀. Ọmọ yìí kàwé ní Fourah Bay, ó tún kàwé ní Lọ́ńdọ̀nù, ó di àlùfáà, ó sì fẹ́ Abigail, ọmọ Ajayi Crowther, ní 1854.

Ní 1859, Kòsọ́kọ́ tí wọ́n lé kúrò lórí oyè Èkó ṣì wà ní Ẹ̀pẹ́. Ilé-ìwé kéékèèké wà ní Èkó, ṣùgbọ́n girama kò sí níbẹ̀ rárá. Macaulay fẹ́ dá a sílẹ̀, owó ni kò sí. Oníṣòwò kan tó ti jẹ́ awakọ̀ òkun rí, James Pinson Labulo Davies, ló gbé £50 fún un ní oṣù kẹrin kó fi ra ìwé àti ohun èlò. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹfà, CMS Grammar School ṣí ní Broad Street. Ọmọ mélòó? Mẹ́fà péré! Ilé kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Cotton House ni wọ́n ń gbé. Ó kọ́ wọn ní Bíbélì, ìṣirò, ìtàn, èdè Látìn, àti ti Gíríìkì pàápàá. (Gíríìkì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ lé èmi kúrò ní sẹ́mínárì!)

Ọdún 50 kọjá kí ìjọba tó dá King's College sílẹ̀ ní 1909. Kí ó tó dìgbà náà, Isaac Oluwole tó jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé náà lẹ́yìn Macaulay ti di bíṣọ́ọ̀bù ní 1893.

Àrùn ìgbóná ló pa Macaulay ní oṣù kìn-ín-ní 1878, ó ṣì jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé náà. Herbert, ọmọ rẹ̀, kò ju ọmọ ọdún 13 lọ. Inú ilé-ìwé bàbá rẹ̀ náà ló wà.

Lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀ ni n óò ka èyí sí etí ẹgbẹ́ náà. Ẹ bá mi gbàdúrà o, alága wọn fẹ́ràn aago púpọ̀.