Az-Zahrawi, Oníṣẹ́ Abẹ Tí Ọwọ́ Rẹ̀ Kì í Le

Ẹni tí mo fẹ́ kí a rántí lónìí ni Abul-Qasim Az-Zahrawi, oníṣẹ́ abẹ ará Kọ́dóbà ní ilẹ̀ Sípéènì, tí ó kú ní nǹkan bí ọdún 1013.

Apá 30 ni ìwé ìṣègùn rẹ̀, Al-Tasrif. Nínú apá ìkẹyìn ni ó ya àwòrán irinṣẹ́ bíi 200 sí. Ẹ̀mú wà nínú wọn, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú ti alágbẹ̀dẹ. Bí òkúta bá há sí ènìyàn létí, ó ní kí a kọ́kọ́ kán òróró sí i. Bí kò bá jáde, kí a fi ẹ̀mú tín-ín-rín yọ ọ́ jẹ́jẹ́.

Ó sọ ti oníṣègùn aláìmọ̀kan kan tí ó gé kókó lọ́rùn obìnrin, tí ó gé iṣan ẹ̀jẹ̀ mọ́ ọn, tí obìnrin náà sì kú níwájú rẹ̀. Nítorí èyí ni ó ṣe ní kí a kọ́kọ́ mọ ara ènìyàn kí a tó mú abẹ.

Ojú máa ń tì mí bí Mùsùlùmí bá ní ẹ̀kọ́ ìṣègùn kì í ṣe tiwa. Ẹ rán ọmọ yín lọ kọ́ ọ, lọ́kùnrin lóbìnrin. Kí Allah ṣàánú fún Az-Zahrawi. Amin.