John Carson àti Ohùn Pẹ́pẹ́yẹ Inú Rédíò

Ní Bọ́ládé, Òṣòdì, ni àbúrò bàbá mi ti ń tún rédíò ṣe. Ní ọjọ́ kan, oníbàárà gbé rédíò wá pé ohùn kan ń ké nínú rẹ̀ bí pẹ́pẹ́yẹ lórí short wave. Àbúrò bàbá mi tú u palẹ̀, pẹ́pẹ́yẹ kò lọ, ó sì dá owó olówó padà. Ìgbà tí mo dé yunifásítì ni mo tó mọ ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ti ọwọ́ rẹ̀ wá: John Renshaw Carson.

Pittsburgh ní Amẹ́ríkà ni a ti bí i ní 1886. Ó kàwé ní Princeton, ó sì bá AT&T, ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù, ṣiṣẹ́. Ìṣirò ni irinṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin akẹ́gbẹ́ mi, ẹ wo ohun tí ó rí. Bí a bá gbé ohùn lé ìgbì rédíò, ìgbì tí ó rù ú yóò dúró láàárín, ohùn yóò sì wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì bí Táyé àti Kẹ́hìndé. Ohun tí ọ̀kan ń sọ ni èkejì ń sọ. Ti àárín kò sọ nǹkan kan, síbẹ̀ bí ohùn bá ga dé góńgó, òun nìkan ń jẹ ìdá méjì nínú mẹ́ta agbára ẹ̀rọ. Carson ní kí a pa á tì, kí a rán ìbejì kan ṣoṣo níṣẹ́. Ohùn tí ó ń gba ààyè kilohertz 6 yóò gba 3. Ẹ̀rọ tí ń gbọ́ ọ ni yóò dá ìgbì àárín padà. Èyí tí kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ ni yóò máa gbọ́ pẹ́pẹ́yẹ. Òun ni a ń pè ní single sideband.

December 1915 ni ó kọ̀wé béèrè ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀. 1923 ni wọ́n tó fún un. Ẹ ò rí ìdádúró! Ní January 1927, ọ̀nà yìí ni a fi ṣí tẹlifóònù láàárín New York àti London.

Àwọn kan ń fi FM bú u. Ní 1922, ó fi ìṣirò hàn pé FM kò lè dín ààyè kù, òótọ́ sì ni. Ibi tí ó ti ṣìnà ni pé ó gbà pé kò sí àǹfààní mìíràn nínú rẹ̀. Ní àwọn ọdún 1930, Edwin Armstrong fẹ ààyè náà sí i, ariwo sì rọlẹ̀. Síbẹ̀, òfin Carson ni a ṣì fi ń wọn ààyè FM títí di òní.

Ó kú ní 1940. Àwọn bàálù tí ń gbéra ní Ìkẹjà láti la òkun kọjá ṣì ń lo single sideband lójú ọ̀nà.

Mo ti ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún àbúrò bàbá mi. Ó ní kí n lọ bá òun gba owó yẹn padà lọ́wọ́ oníbàárà.