Röntgen àti Ìmọ́lẹ̀ tí ó Fi Gbòǹgbò Eyín Hàn

Ẹ̀yin ọmọ, ta ni ó ti ń pààrọ̀ eyín nínú yín? Ẹ wo ẹnu ọ̀rẹ́ yín. Ní kíláàsì yín, ní Pobè tàbí ní Sakété, ẹ ó rí ọmọ tí eyín iwájú rẹ̀ ti yọ. Àlàfo wà níbẹ̀ báyìí. Láìpẹ́, eyín tuntun yóò hù síbẹ̀.

Níbo ni eyín tuntun náà wà tẹ́lẹ̀? Inú egungun àgbọ̀n ni ó fara pamọ́ sí, lábẹ́ eyín kékeré. Ó ń dàgbà níbẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ojú wa kò lè rí i. Ṣùgbọ́n fọ́tò kan wà tí ó lè fi í hàn wá. Fọ́tò náà kì í fi awọ ara hàn. Egungun àti eyín ni ó ń fi hàn.

Ní ilẹ̀ wa, Benin, ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pe fọ́tò yìí ní radio, bí àwọn Faransé ṣe ń pè é. Kì í ṣe rédíò tí a fi ń gbọ́ ìròyìn o! Àwọn ará Nàìjíríà ń pè é ní X-ray. Ẹni tí ó kọ́kọ́ ṣàwárí ìmọ́lẹ̀ tí a fi ń ya fọ́tò yìí ni Wilhelm Conrad Röntgen. Ẹ jẹ́ kí a ka ìtàn rẹ̀.

Ìgbà èwe Wilhelm

Wọ́n bí Wilhelm ní ọjọ́ 27 oṣù kẹta ọdún 1845, ní ìlú Lennep, ní ilẹ̀ Jámánì. Bàbá rẹ̀ jẹ́ oníṣòwò aṣọ. Wilhelm nìkan ni ọmọ tí àwọn òbí rẹ̀ bí. Nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún 3, wọ́n kó lọ sí ilẹ̀ Họ́láńdì.

Wilhelm kì í ṣe ọmọ tí ó mọ̀wé ju gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn láti máa rìn kiri nínú igbó. Ó sì fẹ́ràn láti máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ẹ̀rọ kéékèèké.

Nígbà tí ó di ọ̀dọ́mọkùnrin, ohun búburú kan ṣẹlẹ̀ sí i ní ilé-ìwé. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ya àwòrán olùkọ́ kan láti fi ṣe yẹ̀yẹ́. Wilhelm kọ́ ni ó ya á. Ṣùgbọ́n Wilhelm ni wọ́n mú. Wọ́n ní ó kọ̀ láti dárúkọ ẹni tí ó yà á. Nítorí náà, wọ́n lé e kúrò ní ilé-ìwé láìṣẹ̀.

Wilhelm kò ní ìwé ẹ̀rí mọ́. Ó dà bí ẹni pé ọ̀nà ti dí mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n kò jókòó sílé kí ó máa sunkún. Ó gbọ́ pé ilé-ìwé gíga kan wà ní ìlú Zurich, ní ilẹ̀ Switzerland, tí ó lè gbà á bí kò tilẹ̀ ní ìwé ẹ̀rí náà. Ó lọ síbẹ̀ ní ọdún 1865. Ó kọ́ nípa ẹ̀rọ. Ó tẹra mọ́ ẹ̀kọ́ rẹ̀ títí ó fi gba oyè dókítà nínú ìmọ̀ ní ọdún 1869. Nígbà tí ó yá, ọmọ tí wọ́n lé kúrò ní ilé-ìwé wá di olùkọ́ àgbà ní yunifásítì.

Ó fẹ́ ìyàwó ní ọdún 1872. Orúkọ ìyàwó rẹ̀ ni Bertha. Wọn kò bí ọmọ. Wọ́n gba ọmọ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò? Rárá, ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa: ọmọ arákùnrin Bertha ni wọ́n gbà tọ́. Ọmọ ọdún 6 ni ọmọbìnrin náà nígbà tí ó dé ọ̀dọ̀ wọn. Wọ́n tọ́ ọ bí ọmọ tí wọ́n bí.

Ìmọ́lẹ̀ inú òkùnkùn

Ní ọdún 1895, Röntgen ti pé ẹni ọdún 50. Ó ń ṣiṣẹ́ ní ìlú Würzburg, ní ilẹ̀ Jámánì. Ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 8 oṣù kọkànlá, ó wà nínú yàrá iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní ìgò kan tí wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde. Ó ń jẹ́ kí iná mànàmáná kọjá nínú ìgò náà. Ó fi páálí dúdú bo ìgò náà yípo, kí ìmọ́lẹ̀ má baà jáde. Ó pa gbogbo iná yàrá. Òkùnkùn ṣú biribiri.

Lójijì, ó rí ohun kan tí ń tàn níwájú. Bébà kan ni, tí wọ́n fi èròjà kan kùn. Kí ni ó ń mú kí bébà náà tàn? Páálí ti bo ìgò, kò sì sí iná mìíràn. Röntgen mọ̀ pé ìmọ́lẹ̀ kan ń jáde láti inú ìgò, tí ojú ènìyàn kò lè rí. Ó ń gba inú páálí kọjá.

Röntgen kò sáré lọ pariwo. Ó fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà dá a lójú ná. Fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, ó ń dán an wò lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Nígbà mìíràn, yàrá iṣẹ́ náà ni ó ti ń jẹun, ibẹ̀ náà ni ó ń sùn sí.

Ó gbé ìwé ńlá kan tí ó ní nǹkan bí 1,000 ojú ewé sí ọ̀nà ìmọ́lẹ̀ náà. Ìmọ́lẹ̀ náà gba inú ìwé kọjá, bí ọkọ̀ tí ó kúrò ní Pobè ṣe ń gba Sakété kọjá lọ sí Àjàṣẹ́. Ó gbé pákó síbẹ̀. Ó gba inú rẹ̀ kọjá. Ó gbé òjé síbẹ̀. Òjé dá a dúró. Ó na ọwọ́ ara rẹ̀ síbẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ náà gba inú ẹran ara kọjá, ṣùgbọ́n egungun dí i lọ́nà. Röntgen rí òjìji egungun ọwọ́ rẹ̀!

Ní ọjọ́ 22 oṣù kejìlá, ó pe Bertha wá. Ó ní kí ó gbé ọwọ́ rẹ̀ lé ibi tí wọn yóò ti ya fọ́tò. Nígbà tí fọ́tò jáde, egungun ìka Bertha ni wọ́n rí, pẹ̀lú òrùka ní ìka kan. Wọ́n ní ẹ̀rù ba Bertha gidigidi. Ta ni ó ti rí egungun ara rẹ̀ rí?

Röntgen pe ìmọ́lẹ̀ náà ní ìtànṣán X. Kí ló dé? Nínú ìṣirò, X ni a máa ń kọ dípò ohun tí a kò tíì mọ̀.

Ìtànṣán X wọ ẹnu

Ní oṣù kìíní ọdún 1896, ìròyìn náà tàn ká ayé. Àwọn dókítà eyín gbọ́ ọ, inú wọn sì dùn. Eyín dà bí igi. Apá kan wà lókè, gbòǹgbò wà nísàlẹ̀. Dókítà lè rí apá òkè. Ṣùgbọ́n bí gbòǹgbò bá ń jẹrà, báwo ni yóò ṣe mọ̀?

Nínú oṣù kan náà, dókítà eyín kan ní Jámánì, Otto Walkhoff, ya fọ́tò eyín ara rẹ̀. Ìṣẹ́jú 25 ni ó fi dúró láìmira. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ gbìyànjú kí ẹ la ẹnu fún ìṣẹ́jú 1 péré láìmira. Ó nira, àbí?

Ní Amẹ́ríkà, dókítà eyín kan wà ní ìlú New Orleans, tí ń jẹ́ Edmund Kells. Ó jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tí ó kọ́kọ́ fi ìtànṣán X wo eyín aláìsàn. Lójoojúmọ́, ọwọ́ ara rẹ̀ ni ó fi ń dán ẹ̀rọ náà wò. Kò mọ̀ pé ìtànṣán X ń ba ọwọ́ rẹ̀ jẹ́. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀, àrùn jẹjẹrẹ mú un lọ́wọ́. Wọ́n gé àwọn ìka rẹ̀. Nígbà tí ó yá, wọ́n gé apá rẹ̀.

Láti ara ìyà tí irú àwọn dókítà bẹ́ẹ̀ jẹ ni ayé fi kọ́gbọ́n. Lónìí, ìtànṣán díẹ̀ ni wọ́n ń lò. Kí o tó ṣẹ́jú, fọ́tò eyín kan ti parí. Ẹni tí ń ya fọ́tò máa ń dúró jìnnà tàbí kí ó dúró sẹ́yìn ògiri. A kì í sì í ya á láìnídìí.

Iṣẹ́ wo ni fọ́tò yìí ń ṣe? Ó ń fi ihò tí ó fara pamọ́ sáàárín eyín méjì hàn. Ó ń fi ọyún tí ó wà ní ìdí gbòǹgbò hàn. Bí ọmọ kan bá já bọ́ láti orí igi máńgòrò, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ sì wú, ó ń fi hàn bóyá egungun àgbọ̀n ti ṣẹ́. Ẹ̀rọ mìíràn wà tí ń yí orí ènìyàn ká, tí ń ya gbogbo eyín pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Àwọn onímọ̀ náà ń fi fọ́tò ọ̀pọ̀ ọmọdé wéra, kí wọ́n lè mọ bí eyín ṣe ń dàgbà láti ọdún dé ọdún.

Ọwọ́ tí ń fúnni

Röntgen ìbá ti di olówó ńlá. Ó lè sọ pé kí ẹnikẹ́ni má lo ìtànṣán X láìsan owó fún òun. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó fi í sílẹ̀ fún gbogbo ayé lọ́fẹ̀ẹ́.

Ní ọdún 1901, wọ́n fún un ní Ẹ̀bùn Nobel. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí ó gba ẹ̀bùn náà nínú ìmọ̀ físíìsì. Ó fi owó ẹ̀bùn náà ta yunifásítì Würzburg lọ́rẹ.

Bertha kú ní ọdún 1919. Lẹ́yìn ogun ńlá, owó ilẹ̀ Jámánì di yẹpẹrẹ, owó Röntgen náà sì dín kù. Ó kú ní ìlú Munich ní ọjọ́ 10 oṣù kejì ọdún 1923. Ẹni ọdún 77 ni.

Orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà lọ. Bí dókítà bá ya fọ́tò eyín ọmọ kan ní Benin lónìí, tí ó rí eyín tuntun tí ń bọ̀ lábẹ́ erìgì, iṣẹ́ Röntgen ni ó ń ràn án lọ́wọ́.

Ìbéèrè

1. Níbo ni eyín tuntun máa ń fara pamọ́ sí kí ó tó hù?
2. Kí ló dé tí wọ́n fi lé Wilhelm kúrò ní ilé-ìwé? Ṣé ó jẹ̀bi?
3. Kí ni ìtànṣán X gba inú rẹ̀ kọjá? Kí ni ó dá a dúró?
4. Ìṣẹ́jú mélòó ni Otto Walkhoff fi dúró láìmira?
5. Kí ni a rí kọ́ lára ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí Edmund Kells?
6. Kí ni Röntgen fi owó ẹ̀bùn rẹ̀ ṣe? Bí o bá jẹ́ òun, kí ni ìwọ ìbá ṣe?